Ọmọdé Ló Ń Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀ ní Pálọ̀ Bàbá Àgbà

Ogún ọdún ni bàbá àgbà mi fi wo fíìmù láìsọ èrò rẹ̀ lórí ìkankan nínú wọn. Á jókòó sórí àga rẹ̀, á wò ó títí dé ìparí, á ní kí a pa tẹlifíṣọ̀n, á sì dìde lọ ṣe àlùwàlá. Àwọn tó wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ń sọ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni, pé kì í sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ wọn, inú ń bí mi. Ẹni tí wọ́n ń sọ kọ́ ni bàbá tó tọ́ mi. Bàbá tí mo mọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń bá àwọn òṣèré sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́. "Má wọlé, ọmọ, má wọlé! Wọ́n ti dúró dè ọ́ nínú ilé!" Bí ọmọ náà bá wọlé, bàbá mi á bú u, á tún wá sunkún rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Láti kékeré ló ti tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Warri láti wá ta abọ́ tánganran, kò sì padà sílé mọ́ àfi bí ọdún Iléyá bá dé. Gbogbo ọjà ń pè é ní Alhaji bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé Mẹ́kà rí. Ugborikoko ló kọ́lé sí. Ibẹ̀ ni ìyá mi fi mí sí nígbà tó ríṣẹ́ sí Ìlọrin, tó ní òun á wá mú mi tí òun bá ti rí ilé gbà. Ó pẹ́ kó tó rí ilé yẹn. Bàbá àti Màmá Àgbà ló tọ́ mi. Yorùbá ni wọ́n ń bá mi sọ, Pijin ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Bàbá ní kò burú, pé ohun tí mo bá fi ahọ́n Warri sọ, etí Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun á fi gbọ́ ọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni fíìmù wa, nígbà tí ọjà bá wà ní títì tí àwọn aládùúgbò sì ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé wa nìkan ló ní jẹnẹrétọ̀ àti fídíò ní ìlà yẹn, nítorí náà pálọ̀ máa ń kún, àwọn àgbà lórí àga, àwa ọmọdé lórí ẹní. Bí fíìmù bá ti parí, Bàbá á ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kí a lè gbọ́ ara wa. Lẹ́yìn náà oníkálukú á sọ èrò rẹ̀, láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó dàgbà jù. Èmi ni mo kéré jù, èmi ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè méjì ló wà: ta ló jẹ̀bi, àti pé tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́? Ẹni tó bá ní fíìmù dùn, tó sì dákẹ́ síbẹ̀, Bàbá á dá a padà. "Dídùn kì í ṣe èrò," á wí. "Ṣúgà náà ń dùn."

Ọjà ló ti kó àṣà ọmọdé-kọ́kọ́-sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n bá já ẹrù tuntun, kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa abọ́. Ẹni tó kẹ́yìn dé lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò ní kó fi ìka kan abọ́ kọ̀ọ̀kan, kó gbọ́ ohùn rẹ̀, kó sọ èyí tó ti sán. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun tó ni owó á ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí, ó sì wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. Ó ní, "Bí ọ̀gá bá ti ní abọ́ yìí dára, ta ló tún máa lẹ́nu láti sọ pé ó ti sán?"

Mi ò rí ọmọ tó gbádùn àṣà yẹn tó Bráìtì. Ìyá rẹ̀ ló ń ta bọ̀ọ̀lì ní ilé kejì sí tiwa, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Láti ìgbà tó ti kéré ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ló ti ń wá wo fíìmù lọ́dọ̀ wa. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ó ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀. Ojú Bráìtì máa ń rí ẹni tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Nínú fíìmù kan, ìyáálé fi májèlé sínú oúnjẹ ìyàwó, ọlọ́pàá wá kó gbogbo ilé. Gbogbo wa ń jiyàn lórí ìyáálé àti ọkọ rẹ̀. Nígbà tó kan Bráìtì, ó ní, "Wetin happen to the house girl? Dem carry her too, and she no do anything." A wo ara wa. Kò sí ẹni tó rántí ọmọ ọ̀dọ̀ náà. Bàbá fọwọ́ lu itan rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ̀yin wo àwòrán, ọmọ yìí ló wo èèyàn."

Bàbá ò fẹ́ràn kí aṣebi máa ya wèrè ní ìparí fíìmù. Ẹ mọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀: ẹni tó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iyanrìn láàárín ọjà, á máa jẹ́wọ́, àwọn èèyàn á máa pariwo. Àwọn obìnrin pálọ̀ wa fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bàbá á kàn mi orí. Ìgbà kan tí Màmá Àgbà ní kí ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn níbẹ̀, ó dáhùn pẹ̀lú ohùn kékeré tí ẹ̀rù fi bà mí: "Àwọn aṣebi tí mo mọ̀, orí wọn pé."

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Ọ̀gá Sọ́ńdè. Ọ̀gá Sọ́ńdè ló ní ṣọ́ọ̀bù fídíò tí a ti ń yá kásẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Ugbuwangue ni, létí omi, àwọn èèyàn rẹ̀ sì jẹ́ apẹja. Òun àti Bàbá ti ń jiyàn fíìmù kí wọ́n tó bí mi. Ní tirẹ̀, fíìmù tí kò sí ẹ̀san nínú rẹ̀ kò tíì parí. Bàbá ní ẹ̀san ni kì í parí. Lọ́jọ́ kan iyàn náà le débi pé Ọ̀gá Sọ́ńdè pe Bàbá ní aláàánú àwọn apànìyàn, Bàbá sì ní òun kò ní yá kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láé. Oṣù méjì gbáko ni èmi ọmọdé fi ń gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ tí mo ń gbé e bọ̀ láàárín wọn, torí kò sí èyí tó fẹ́ rí ojú ìkejì. Bí mo bá dé, Bàbá á bi mí tìfura-tìfura bóyá ara Sọ́ńdè le. Tí mo bá ní ó le, á ní, "Kò kàn mí. Mo kàn ń béèrè ni."

Nígbà náà ni wàhálà Warri tún bẹ́. Ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi ẹ̀yà tó ń jà àti èyí tí wọ́n ń bá jà. Òfin Bàbá ni. Lọ́sẹ̀ tí ìbọn kọ́kọ́ dún lápá omi, ẹnì kan nínú pálọ̀ ní òṣèré kan hùwà ìkà nítorí ẹ̀yà tó ti wá. Bàbá ní kó dìde kó jáde. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé òun gbọ́dọ̀ sọ ohun tí èèyàn ṣe, kó má sọ ibi tó ti wá. Mo ṣì ń pa òfin yẹn mọ́.

Bàbá ló kọ́kọ́ mọ̀ pé wàhálà náà máa dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe rédíò ló gbọ́, etí pálọ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Àwọn géńdé àdúgbò, Bráìtì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣì ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n èrò wọn ti ń yí padà. Tí a bá bi wọ́n pé tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́, wọ́n á ní àwọn á pa á ni. Nínú fíìmù kan, wọ́n sun ilé mọ́ ìyá arúgbó kan lórí. Mo bojú. Ẹ̀rín ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn, mo rí Bráìtì. Òun náà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, àmọ́ ojú Bàbá ló ń wò bó ṣe ń rín in. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Bàbá sọ fún Màmá Àgbà pé kó di ẹrù díẹ̀ sápò. Ó ní, "Àwọn ọmọ yìí ti ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń sunkún tẹ́lẹ̀."

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà yẹn tí Ọ̀gá Sọ́ńdè fi kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa, bí Bàbá ṣe ń dìde lórí ìrun òwúrọ̀. Aṣọ rẹ̀ ń rùn èéfín. Wọ́n ti sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú ọ̀nà tó lọ sí Ugbuwangue sì ti dí pa. Wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ látìgbà ìjà wọn. Bàbá kò béèrè ohunkóhun. Ó mú un lọ́wọ́, ó fi í sínú yàrá tí a ń kó abọ́ sí, ó ti ilẹ̀kùn. Màmá Àgbà fà mí létí títí omi fi bọ́ lójú mi: "Àmọ̀kẹ́, o ò gbọdọ̀ sọ ọ́ níta. Wọ́n á pa á. Ṣé o gbọ́?" Mo gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣeré níta tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, bí èéfín tó fà símú ṣe ń mú Ọ̀gá Sọ́ńdè wúkọ́ sínú ìrọ̀rí nínú yàrá yẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Màmá Àgbà ní kí a má ṣe fíìmù. Bàbá ní rárá, pé ilé tó ń ṣí sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó bá tì lónìí, gbogbo ayé á fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó rò pé ẹnikẹ́ni ò ní wá, torí ọ̀pọ̀ aládùúgbò ti sá lọ. Géńdé márùn-ún wá. Gbogbo wọn so aṣọ pupa mọ́ apá, wọ́n sì to àdá wọn sẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà wọn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa. Bráìtì fún Bàbá ní kásẹ́ẹ̀tì kan. Etí rẹ̀ kan ti yọ́ nítorí iná. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ọ̀gá Sọ́ńdè ló wà lára rẹ̀. Bàbá kà á, ó tì í bọnú fídíò.

Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Àgbẹ̀ kan ni, tó fi àlejò pamọ́ sínú abà iṣu rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń wá àlejò náà kiri. Ìyàwó àgbẹ̀ lọ sọ, wọ́n sì mú un. Bàbá tó máa ń bá òṣèré sọ̀rọ̀ kò la ẹnu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Nígbà tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ó yára sọ̀rọ̀, òun àgbà, ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó ní fíìmù náà kò dára, kò sì sí ìdí láti máa jiyàn lórí rẹ̀, kí oníkálukú máa lọ sílé.

Ó dùn mí. Mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ látìgbà tí ìyàwó yẹn ti la ẹnu. Mo ní, "Baba, na small pikin dey talk first!"

Àwọn géńdé rẹ́rìn-ín. Bráìtì ní, "True, Baba. Na your law be that."

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò gbàgbé ìkìlọ̀ Màmá Àgbà. Ìta ni wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Pálọ̀ kì í ṣe ìta. Pálọ̀ ni ibi tí mo ti kọ́ pé ohun tó bá wà nínú mi ni kí n sọ, kí n má fi bò. Mo dìde lórí ẹní, mo ní àgbẹ̀ yẹn kò gbọ́n. Mo ní, "If na me, I no go leave am for open barn. I go lock am for room, give am pillow, make e dey cough inside like..."

Mo rí ojú Bàbá.

"Like who?" Bráìtì béèrè.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sí ilẹ̀kùn yàrá abọ́, ojú gbogbo wọn sì tẹ̀lé e lọ síbẹ̀.

Bàbá dìde. Ó gbé àga rẹ̀, ó lọ fi í dí ilẹ̀kùn yẹn, ó jókòó. Màmá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mo rò pé ó máa parọ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó parọ́. Ó ní, "Sọ́ńdè ni. Ọ̀rẹ́ mi ni. Àmọ̀kẹ́ ti sọ tirẹ̀. Ta ló kàn? Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó kéré jù, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Èyí àkọ́kọ́ bú sẹ́kún. Èkejì ní òun ò mọ̀. Ẹ̀kẹta ní òun á béèrè lọ́wọ́ Bráìtì. Ẹ̀kẹrin kò dúró kó kàn án. Ó ti dìde, ó mú àdá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ láìdágbére. Bráìtì ló kù. Ó ní, "Baba, if na me, I go dey fear." Lẹ́yìn náà ó ní, "Carry am go now-now. Na me dey junction."

Bàbá wọ agbádá rẹ̀ fún Ọ̀gá Sọ́ńdè, ó dé e ní fìlà, ó fi tẹ̀súbáà sí i lọ́wọ́. Ó mú èmi náà dání, torí ẹni tó ń sá kì í mú ọmọ lọ́wọ́. Ó ní kí a má yára, kí àwọn méjèèjì máa jiyàn fíìmù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rìn gba àárín Ugborikoko, tí ọ̀run dúdú fún èéfín táyà. Nígbà tí a sún mọ́ oríta, Ọ̀gá Sọ́ńdè gbẹ́nu dákẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ á tú àṣírí rẹ̀. Bàbá nìkan wá ń jiyàn fún ẹni méjì, ó ń bi í léèrè, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Wọ́n fi ọparun dínà. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ní kí àgbàlagbà kejì náà sọ̀rọ̀. Bráìtì bọ́ síwájú. Ó ní, "Na Alhaji and him brother. I know dem. Na dem train me." Ó gbé ọparun náà sókè fúnra rẹ̀. A dé Airport Road, àwọn sójà wà níbẹ̀, Ọ̀gá Sọ́ńdè sì rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí Benin. Ó ṣì wà láyé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá òkú Bráìtì lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn tí wọ́n jọ so aṣọ pupa ló pa á. Ìyá rẹ̀ wá sí ilé wa pẹ̀lú eérú bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́, kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó wo àga, ó wo ẹní, ó wo Bàbá. Ó ní, "Alhaji, wetin una dey teach my pikin for here?" Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Láti ọjọ́ náà, kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè èrò rẹ̀ lórí fíìmù mọ́.

Kò bá mi wí rí. Màmá Àgbà náà kò wí nǹkan kan títí ó fi kú. Mo dàgbà, mo lọ bá ìyá mi ní Ìlọrin, mo ń padà wá kí Bàbá, a ń wo fíìmù, ó ń lọ ṣe àlùwàlá. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà mi sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, a wo ọ̀kan nípa ọmọbìnrin kan tó lọ jẹ́rìí ta ko bàbá rẹ̀ ní kóòtù. Nígbà tó parí, mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni pè mí. Mo ní èrò tèmi ni pé ọmọ náà kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò ní í sùn dáadáa mọ́ láyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tí mo ti fẹ́ béèrè fún ogún ọdún. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹnu mi ló pa Bráìtì?"

Ó wo ojú mi. Mo rò pé ó máa ní rárá, bí gbogbo àgbàlagbà ṣe máa ń sọ fún ọmọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tutù. Ó ní, "Àmọ̀kẹ́, ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ́. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."